Ìrókò Kékeré Orí Òkè

Ilé tí mo ń gbé ní Ìkòyí kò jìnnà sí ọ̀nà Awólọ́wọ̀. Kí oòrùn tó yọ ni ẹ̀rọ amúnáwá ti ń ké ní ọ̀tún, tí fèrè ọkọ̀ sì ń dá a lóhùn ní òsì. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jí ní ìdájí, tí mo ń gba Afárá Third Mainland kọjá lọ sí ẹnu iṣẹ́ mi ní yunifásítì. Afárá náà gùn tó kìlómítà 11.8, láti ọdún 1990 tí wọ́n sì ti ṣí i ni àwa ará Èkó ti ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀sà ń lé wa bọ̀ lẹ́yìn. A ní òwe tí a fi ń gbe ara wa lẹ́sẹ̀ nínú eré yìí: ẹni tí ó bá yára ni Ògún ń gbè. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà kan náà ni a ti gbọ́ pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Èkó mú òwe kìn-ín-ní, ó fi èkejì sílẹ̀ fún ìgbín. Èkejì yìí ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ náà kò sì wo ojú oyè ọ̀mọ̀wé tí mo ń jẹ́.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2018 ni ẹ̀gbọ́n mi kan wá bá mi ní ilé. Ẹ̀gbọ́n tí mo ń wí yìí kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ọmọ Àgùdà ni. Ní àdúgbò Campos ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n bí i sí, àwọn baba ńlá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú ní Bràsíìlì padà wá sílé. Iṣẹ́ ọba ni ó ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní òun fẹ́ lọ sí orí òkè ní ilẹ̀ Tógò, nínú igbó tí ó wà ní ẹ̀bá ìlú Kpalimé, kí òun pa àgọ́ síbẹ̀, kí òun sùn níbẹ̀ fún òru mẹ́ta. Ó ní kí n jọ̀wọ́ bá òun lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ fẹ́ lọ wá nínú igbó?"

"Kò sí, àbúrò mi. N kò wá nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ wà níbẹ̀ ni. A kò sì ní wọ bàálù, a kò ní sáré. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú bá wa ni a ó sùn."

Ìdáhùn yìí kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ó wá bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ìdí rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ènìyàn kì í ṣàdédé wọ igbó. Ọdẹ a gbé ìbọn, àgbẹ̀ a mú àdá, adẹ́mu a fi igbà kọ́ èjìká, oníṣègùn a ti mọ ewé tí ó ń lọ já kí ó tó kúrò nílé. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ìbọn àti oògùn ni Àkàrà-ògùn gbára lé nígbà tí ó ń wọ igbó. Ìlú ni ibi ìfọ̀kànbalẹ̀, igbó ni ibi ewu: bí èmi alára ṣe máa ń là á sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wá ní òun fẹ́ lọ sùn sínú igbó láìwá nǹkan kan, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò máa wo ojú ara wọn.

Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo rí i pé mo ti ń fi ojú kan wò ó. Kí ni abà tí àwọn baba wa ń lọ? Ṣé kì í ṣe inú igbó ni? Bàbá mi a máa lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní abà nígbà ìkórè kòkó. Bí ó bá padà dé, ara rẹ̀ a balẹ̀, ohùn rẹ̀ a lọ sílẹ̀. Èmi ni n kò mọ abà. Ilé-ìwé ni wọ́n rán mi lọ. Bí wọ́n bá mú mi lọ sí abà ní ìgbà ìsinmi, ìdí ìwé ni mo máa ń jókòó sí lábẹ́ òrùlé, tí àwọn ọmọ ìyá mi yóò máa sá kiri nínú oko. Wọ́n ń yìn mí fún un nígbà náà.

Ìrìn gbẹ̀rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ibùsọ̀, tí a fi ń pe máìlì nínú Yorùbá. Ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn alájàpá tí wọ́n ń ti ìlú kan rù dé ìlú mìíràn kò fi bí ẹsẹ̀ wọn ti yá tó ka ọ̀nà. Iye ìgbà tí wọ́n sinmi ni wọ́n fi kà á. Ìsinmi ni òṣùwọ̀n ọ̀nà wọn. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì tíì rin ọ̀nà ibùsọ̀ kan rí. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti ṣe tán.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ lè fi ọjọ́ kan rìn, ọjọ́ márùn-ún ni a fi rìn ín. Àgbádárìgì ni a sùn ní ọjọ́ kìn-ín-ní, a jókòó sí etí ọ̀sà títí àwọn apẹja fi kó àwọ̀n wọn sílé. Ní ọjọ́ kejì, a gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ilẹ̀ èkejì láìgba físà, kí ó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Èmi tí mo ti gba físà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta kò tíì lo ẹ̀tọ́ yìí rí. Àjàṣẹ́ ni a sùn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró pẹ́ níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ síbẹ̀ bí ẹni kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, ó ń fi ìka tọ́ka sí ọnà ara ògiri rẹ̀ tí ó jọ ti ilé àwọn ará ilé wọn ní Campos. Ní Kútọnu, àwọn ọlọ́kadà yí wa ká. Zémidjan ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, "gbé mi kíákíá" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Fọn. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń dúró dè wá."

Ní ọjọ́ kẹta a dé Wìdà, a sì wọ igbó mímọ́ Kpassè. Ọba ìlú náà ni Kpassè ní ayé àtijọ́. Àwọn ará ìlú sọ pé kò kú bí ènìyàn ti ń kú. Wọ́n ní ó di igi ìrókò. Ìrókò náà wà níbẹ̀, ó tóbi, ó lọ́lá, àwọn ènìyàn sì ń wólẹ̀ fún un. Lókò ni àwọn Fọn ń pè é. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bí ó ti bá ìrókò tiwa mu. Ahọ́n mi tú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ ìtàn Olúrónbí tí ó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò, mo sọ ìdí tí a fi ń pe igi náà ní Olúwéré, mo sọ ìdí tí àwọn agégi fi ń bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gé e. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé ni yín lóòótọ́." Inú mi dùn.

A sùn ní Lomé ní ọjọ́ kẹrin. Ní ọjọ́ karùn-ún ni a kọrí sí òkè. Kpalimé fi nǹkan bí kìlómítà 120 jìnnà sí Lomé ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ilẹ̀ náà ṣe àmúsìn ni wọ́n tẹ́ ojú irin débẹ̀ ní ọdún 1907, kí wọ́n lè máa kó kòkó sọ̀ kalẹ̀ wá sí etíkun. Bí ọkọ̀ ti ń súnmọ́ ìlú náà ni òkè Agou yọ, òkè tí ó ga jù lọ ní Tógò, tí ó ga tó mítà 986. A kò gun Agou. Kouma-Konda, ní ọ̀nà ẹnubodè Gánà, ni a ń lọ, nínú igbó tí ó bo òkè mọ́lẹ̀, tí kọfí àti kòkó wà lábẹ́ igi ńláńlá rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ amọ̀nà ni ó gbà wá. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ó ti gbé ní Gánà rí. Kò gbà kí a pa àgọ́ kí ó tó mú wa lọ kí àwọn àgbà abúlé. "Woezɔ," ni wọ́n wí, ẹ káàbọ̀ ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí àgbà ọkùnrin kan gbọ́ pé Yorùbá ni wá, ó mi orí, ó ní ìtàn àwọn Ewe sọ pé Kétu ni àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá kí wọ́n tó dé Notsé. Ó ní, "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó wá wò wá." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ibi tí ó tẹ́jú hàn wá ní ẹ̀bá oko kọfí kan, tí odò kékeré ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a pa àgọ́ sí.

Ní òru àkọ́kọ́, n kò sùn. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rù ni ó ń bà mí. Ẹ̀rọ amúnáwá ni n kò gbọ́! Etí mi ń wá ariwo Ìkòyí bí ọmọ tí ń wá ìyá rẹ̀. Ọyẹ́ mú, mo fi aṣọ bo orí. Nígbà tí ó di ọ̀gànjọ́, nǹkan kan ké lórí igi, ó ké bí ẹni tí wọ́n ń lọ́ lọ́rùn, ó ń ga sí i, ó ń ga sí i, ó sì dákẹ́ lójijì. Mo dìde jókòó.

"Ẹ sùn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí nínú òkùnkùn. "Òfàfà ni."

Ọ̀rọ̀ yìí kọ mí lóminú ju igbe náà lọ. Mo mọ òfàfà. Mo ti rí i nínú ìwé atúmọ̀ èdè, mo sì ti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ojú pátákó: ẹranko kan tí ó máa ń ké tantan. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò ka Yorùbá kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ìyá ìyá rẹ̀ a máa mú un lọ sí oko ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ronú, títí àkùkọ abúlé fi kọ.

Ọjọ́ kejì kọjá, a kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣòro fún mi láti ṣe àlàyé bí èyí ti le tó fún ará Èkó. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ mo ti wo aago mi tó ìgbà ogún. Ní ọ̀sán mo bọ́ ọ, mo fi í sínú bàtà. Labalábá pọ̀ níbẹ̀ bí òdòdó tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Mo jókòó lórí òkúta, wọ́n ń bà lé etí odò láti mumi. Ní ìrọ̀lẹ́, amọ̀nà wa já ewé tíìkì tuntun kan, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní kí n fi ọwọ́ kejì rà á. Nígbà tí mo la ọwọ́, ó ti pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó ní ewé àti èèpo igi ni àwọn ayàwòrán abúlé náà ń lò ní ọ̀dà. Ó mọ igi bí mo ti mọ ìwé inú àpótí mi, ìyẹn ni pé kò wulẹ̀ mọ orúkọ wọn nìkan, ó mọ èyí tí ń ṣàìsàn lára wọn.

Ní ọjọ́ kẹta, bí a ti ń ti odò bọ̀, ó dúró lẹ́bàá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ga ju mí lọ.

"Pàpá, kí ni ẹ ń pe èyí ní èdè yín?"

Mo wò ó. Ewé rẹ̀ rí gbágungbàgun létí, ara rẹ̀ sì le bí ewé ìpín tí a fi ń ha pákó. Àwọn kókó kéékèèké wú lára ewé rẹ̀ púpọ̀. Ọ̀nà odò ni ó wà. Láti ìgbà tí a ti dé ni a ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láàárọ̀ lálẹ́. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní bóyá kò sí ní ilẹ̀ wa.

Ó wò mí, ó tún wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ẹ ti sọ ìtàn rẹ̀ fún mi lánàá, nígbà tí a ń yáná. Lókò ni."

Ìrókò ni! Ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, oje funfun bí wàrà sì sun jáde. Ó ṣe àlàyé fún mi pé ewé ìrókò kékeré kì í jọ ti àgbà. Bí igi náà bá ti ń dàgbà ni ewé rẹ̀ ń dán, tí etí rẹ̀ sì ń tẹ́jú. Ó ní kòkòrò kan ni ó ń fa àwọn kókó ara ewé náà, òun ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ìrókò ní kékeré, òun ni ó sì mú kí ó ṣòro láti gbìn ín lọ rẹrẹẹrẹ bí wọ́n ti ń gbin tíìkì. Ó ní àdán ni ó máa ń jẹ èso rẹ̀ lóru, tí ó ń gbé hóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí òmíràn lè hù. Mo dúró, mo ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìrókò lẹ́nu ọmọ tí mo bí i lọ́mọ.

Ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n ìtìjú nítorí amọ̀nà náà kọ́ ni ó pọ̀ jù. Òwe kan wà tí mo ti ṣàlàyé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́: kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìrìn àjò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ilé wọn wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó na ọwọ́ sókè nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní òwe náà. Ó ní, "Sà, báwo ni a ṣe ń dá ìrókò kékeré mọ̀, tí a ó fi pa ẹ̀ka rẹ̀?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè. Ọmọ náà jókòó, kò sì tún bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́ títí ọdún náà fi parí.

Ìbéèrè rẹ̀ ni ìbéèrè tí ó tọ́ láti bèèrè. Ọmọ tí wọ́n bí sí àárín kọnkéré, tí kò rí igi kankan ju èyí tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà lọ, ti rí ibi tí òwe náà ti mú wa lọ́wọ́: a kò lè ṣe ohun tí òwe ní kí a ṣe bí a kò bá dá nǹkan náà mọ̀ ní ìgbà tí ó ṣì kéré. Èmi olùkọ́ rẹ̀ ni n kò rí i. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo máa ń lo òwe yìí fún òyìnbó tí ó wá kọ ìwé nípa wa. Lórí òkè Kpalimé ni mo ti mọ̀ pé mo lè jẹ́ àlejò nínú èdè ìyá mi.

Ká ní ọkọ̀ tí ń sáré ni a wọ̀, mo gbàgbọ́ pé ìrókò ńlá Wìdà ni n bá rí, n bá ya fọ́tò rẹ̀, n bá padà sílé bí ẹni tí ó ti mọ gbogbo rẹ̀ tán. Igi ńlá kì í fara pa mọ́ fún ẹni tí ń sáré. Kékeré ni ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta kí a tó rí i, èmi kò sì tíì rí i náà, àfi ìgbà tí wọ́n fi hàn mí. Ìdí tí mo fi ń gba ẹ̀yin òǹkàwé mi níyànjú láti rìn gbẹ̀rẹ̀ nìyí, kí ẹ sì sùn nínú igbó bí ẹ bá rí àyè rẹ̀. Ìsinmi dára, atẹ́gùn orí òkè dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wa tí nǹkan tí wọ́n ń jẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wa, a kò sì lè fi eré bá a. Ènìyàn kò tilẹ̀ nílò láti dé Tógò. Igbó Òṣun ní Òṣogbo wà níbẹ̀, tí gbogbo ayé ti kà mọ́ ohun àjogúnbá láti ọdún 2005. Ibi tí a ń pè ní Ìgá Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, oko ata Àrómirẹ ni wọ́n ní ó jẹ́ kí ó tó di ààfin. Kò sí ibi tí kò ti jẹ́ oko tàbí igbó rí ní ilẹ̀ tí à ń sáré lórí rẹ̀ yìí.

Nígbà tí a padà dé Ìkòyí, mo jókòó nínú yàrá ìkàwé mi. Pákó ìrókò ni wọ́n fi kan àpótí ìwé mi, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo ìwé tí mo ti ka orúkọ igi náà nínú wọn, òun ni ó rù wọ́n. Mo mú ewé kan tí amọ̀nà wa fún mi jáde, mo fi sínú ìwé atúmọ̀ èdè, ní ojú ewé tí ìrókò wà.

Ní báyìí, bí mo bá dé orí òwe náà ní kíláàsì, n kì í tètè ṣàlàyé. Mo máa ń fi ewé náà ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí olúkúlùkù fi àtàǹpàkò kàn án, kí wọ́n mọ bí ó ti le tó. Ó ti gbẹ, etí rẹ̀ ti ya díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè nípa rẹ̀, àti pé n kò dá a lóhùn. Ọmọ náà ti gboyè jáde. N kò mọ ibi tí ó wà. Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ̀, kí ó mọ̀ pé mo ti rí ìrókò kékeré, etí ewé rẹ̀ sì rí gbágungbàgun.